Láti Owó Ẹyọ dé Bitcoin: Ìbéèrè Mẹ́ta Láti Ààlà Yewa

Kò sí họ́sítẹ̀lì tí èèyàn máa wọ̀ lónìí tí kò ní gbọ́ wallet, blockchain, P2P, stablecoin àti halving. Àwọn kan ń pè é bí ẹni tó ń pe ọfọ̀. Àwọn mìíràn ń mi orí bí ẹni pé ó yé wọn, nítorí ojú ń tì wọ́n láti béèrè. Owó ilé ẹ̀kọ́ ẹlòmíràn sì ti bá irú orí mímì bẹ́ẹ̀ lọ.

A fẹ́ ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ náà níbí, ṣùgbọ́n a kò ní bẹ̀rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Òkè-Ọ̀dàn la ti máa bẹ̀rẹ̀, ní Gúúsù Yewa, ìpínlẹ̀ Ògùn, nítòsí ààlà Nàìjíríà àti Benin. Ìdí ni pé láàárín nǹkan bí 200 ọdún, àwọn ará agbègbè yìí ti ná owó ẹyọ, sílè, náírà àti sẹ́fà. Wọ́n ti rí owó tó pọ̀ títí tí kò fi níye lórí mọ́. Wọ́n ti rí owó tí ìdajì agbára rẹ̀ lọ lóru ọjọ́ kan. Ìtàn wọn kọ́ wa ní ìbéèrè mẹ́ta tó yẹ ká bi owó kówó kí a tó kó ọrọ̀ wa lé e: Ta ló lè ṣe púpọ̀ sí i? Ta ló ń kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀? Ọwọ́ ta ni tèmi wà?

Owó ẹyọ lójú ọ̀nà etíkun

Kí Òkè-Ọ̀dàn tó dé ni ọ̀nà ti wà. Ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí a ń pè ní Yewa láti ọdún 1995, ni Ọ̀yọ́ Ilé ń gbà dé etíkun. Ọ̀yọ́ tilẹ̀ fi aṣojú ọba kan, Onísàré, sí Ìjànà láti máa bójú tó ọ̀nà náà. Ẹrù ń lọ sí Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, owó ẹyọ sì ń bọ̀ wá sókè. Nígbà tí Ọ̀yọ́ ń dàrú, ní ìparí àwọn ọdún 1820, ni àwọn tí ogun ń lé kóra jọ sí Òkè-Ọ̀dàn. Ìlú náà gbèrú kíákíá, nítorí ojú ọ̀nà ọjà ló wà.

Ẹyọ kì í ṣe ohun odò wa. Erékùṣù Maldives ní Òkun Íńdíà ni wọ́n ti ń ṣà á. Ọkọ̀ ojú omi àwọn oníṣòwò á gbé e dé Yúróòpù, wọn á tà á níbẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ ní etíkun wa. Bí ó ṣe jìnnà tó yẹn ló jẹ́ kó ṣọ̀wọ́n. Kò ṣeé yí ní ayédèrú, kì í jẹrà, a sì lè fi ẹyọ bíi mélòó kan ra ata díẹ̀ lọ́jà. Owó dáadáa ni.

Ìṣirò tí wọ́n ń lò fún un ṣì wà lẹ́nu wa títí dòní. Ẹyọ 40 ni wọ́n ń sín sí okùn kan. Okùn 50 jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Àpò ni ọ̀kẹ́. Àpò tí wọ́n ń kó ẹyọ sí ló di orúkọ iye.

Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ fi ìtàn náà ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹyọ kan náà wà lára ohun tí wọ́n fi ń ra èèyàn ní etíkun. Ní ọdún 1848, àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì, lábẹ́ Ọba Gezo, ya wọ Òkè-Ọ̀dàn, wọ́n pa á run, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́rú. Ẹni tó ṣe owó, ẹni tó kó o wọlé àti ẹni tí ó ta ọmọ ẹlòmíràn nítorí rẹ̀, ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Owó kì í béèrè ibi tí ó ti wá. Àwa tí à ń ná an ló yẹ ká máa béèrè.

Nígbà tí ẹyọ Zanzibar dé

Láti nǹkan bí ọdún 1845, àwọn oníṣòwò Hamburg ní Jámánì rí ohun kan tí ẹlòmíràn kò kà sí. Ní Zanzibar àti etíkun Ìlà-oòrùn Áfíríkà, irú ẹyọ kan wà tó tóbi ju ti Maldives lọ. Ó pọ̀ níbẹ̀ lọ jàra, owó pọ́ọ́kú sì ni wọ́n ń tà á. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó o wá sí Ouidah àti Èkó, wọ́n sì fi ń ra epo pupa. Èrè wọn pọ̀ gan-an, nítorí ohun tí òkun da sí etí iyanrìn níbòmíràn ni wọ́n fi ń ra iṣẹ́ ọwọ́ wa.

Kò pẹ́ tí ẹyọ fi pọ̀ ju ọjà lọ. Ohun tí okùn kan ń rà tẹ́lẹ̀, ó di okùn méjì, ó di márùn-ún. Ẹyọ Zanzibar tún wúwo. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ ẹrù fún alágbára, bí iye rẹ̀ sì ṣe ń já ni owó aláàárù ń jẹ nínú owó tí ó rù. Àwọn tó ti fi ẹyọ pamọ́ sínú ìkòkò ló jẹ ìyà jù. Ẹni tó rí ọ̀kẹ́ mẹ́wàá mọ́lẹ̀ ṣì bá ọ̀kẹ́ mẹ́wàá nígbà tó wú u. Kò sẹ́ni tó jí i. Agbára rẹ̀ ni kò sí mọ́.

Èyí ni à ń pè ní ọ̀wọ́n gógó: owó pọ̀ sí i, ọjà kò pọ̀ tó o. Ìbéèrè àkọ́kọ́ la rí níbẹ̀. Àwọn baba wa rò pé kò sẹ́ni tó lè ṣe ẹyọ púpọ̀ sí i. Wọn kò mọ̀ pé òkun mìíràn wà.

Sílè, náírà àti sẹ́fà

Nígbà tí ọ̀rúndún yẹn fi máa parí, owó fàdákà òyìnbó ti ń lé ẹyọ kúrò lọ́jà. Ọ̀nà sì tún yí. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lórí ààlà wọn níhìn-ín. Àwọn tó jọ ń sọ Yorùbá, tí wọ́n jọ ń ná ọjà kan, wá bọ́ sábẹ́ owó méjì. Láti ọdún 1912, ìgbìmọ̀ kan tó jókòó sí Lọ́ńdọ́nù ló ń pinnu owó tí ilẹ̀ Nàìjíríà ń ná: ọ́nínì, kọ́bọ̀, tọ́rọ́, sílè. Báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1959. Náírà sì jáde ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1973.

Ẹni tó ń gbé ní ààlà kò lè sùn gbàgbé owó. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1984, ìjọba ológun Muhammadu Buhari pààrọ̀ àwọ̀ náírà, wọ́n sì ti ibodè nígbà náà, kí àwọn tó kó náírà sókè òkun má baà rí i kó padà wọlé. Ní oṣù Kìíní ọdún 1994, ó kan sẹ́fà. Faransé ló so ó mọ́ owó tirẹ̀. Sẹ́fà 50 ló jẹ́ faráǹkì kan títí di ọjọ́ 11 oṣù náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó di 100. Màmá oníṣòwò ní apá Benin tó fi sẹ́fà pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bá gbogbo owó rẹ̀ níbẹ̀ láìdín ẹyọ kan, ṣùgbọ́n ìdajì agbára rẹ̀ lórí ọjà òkè òkun ti lọ.

Àwa fúnra wa náà ti rí tiwa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ náírà, ẹni tó ní owó ní báńkì kò rí i gbà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ló sọ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún náà pé kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ nína títí di òpin ọdún.

Ohun tí bitcoin fẹ́ yanjú

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008, báńkì ńlá Amẹ́ríkà kan, Lehman Brothers, wó lulẹ̀. Ìbẹ̀rù bo ayé. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, ẹnì kan tàbí àwọn kan tó pe ara wọn ní Satoshi Nakamoto gbé ìwé kan jáde, ojú ewé mẹ́sàn-án péré, nípa owó tí kò ní báńkì kankan láàárín. Bitcoin lorúkọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 2009.

Ẹ jẹ́ ká lo àjọ láti fi ṣàlàyé. Nínú àjọ, alájọ ló ní ìwé. Òun ló ń kọ iye tí kálukú dá. Bí alájọ bá sá lọ tàbí bó bá fi bíìrò yí iye padà, wàhálà dé. Ká wá sọ pé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló ní ìwé kan náà lọ́wọ́, tí ẹnikẹ́ni bá sì san owó, gbogbo wọn á kọ ọ́ sílẹ̀ pa pọ̀. Alájọ kò wúlò mọ́, kò sì sẹ́ni tó lè dá yí i, nítorí ìwé àwọn yòókù á tú u fó. Ìwé tí gbogbo èèyàn jọ ń tọ́jú yìí ni blockchain.

Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń pe ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Lára búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan ni àmì kan wà tí wọ́n fi ìṣirò fà yọ láti inú èyí tó ṣáájú rẹ̀. Hash ni orúkọ àmì náà. Bí ẹnì kan bá yí kọ́bọ̀ kan padà lójú ìwé kẹwàá, àmì rẹ̀ á yí, kò ní bá ohun tó wà lójú ìwé kọkànlá mu mọ́. Ó dà bí ògiri: ẹni tó bá fẹ́ yọ búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀, ó di dandan kó wó gbogbo èyí tó wà lórí rẹ̀. Èyí ló dáhùn ìbéèrè kejì wa.

Ta ló wá ń fi búlọ́ọ̀kù tuntun lé e? Àwọn kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ló ń du ú. Wọ́n ń wá nọ́ńbà kan tó nira láti rí, ṣùgbọ́n tó rọrùn láti yẹ̀ wò. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ọ̀kan á rí i, á sì gba bitcoin tuntun gẹ́gẹ́ bí èrè. Èyí ni mining. Bitcoin 50 ni èrè náà ní ọdún 2009. Ní ìwọ̀n ọdún mẹ́rin mẹ́rin, ìdajì á kúrò níbẹ̀: 25 ní 2012, 12.5 ní 2016, 6.25 ní 2020, 3.125 ní oṣù Kẹrin ọdún 2024. Ìdínkù yìí ni wọ́n ń pè ní halving. Gbogbo rẹ̀ kò sì ní ju mílíọ̀nù 21 lọ láéláé.

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ẹyọ Zanzibar ló ń dáhùn? Bí gbogbo ẹni tó ń lò ó kò bá gbà láti yí òfin padà, kò sí oníṣòwò Hamburg kankan tó lè rí òkun mìíràn lọ fún bitcoin.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó ya yín lórí. Bitcoin nìkan la sọ. Láti ìgbà tí Ethereum ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè jókòó sínú yàrá rẹ̀ kó dá token tirẹ̀ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Token ni owó tí wọ́n dá sórí blockchain tí ẹlòmíràn ti kọ́. Òkun àwọn token kò ní òpin. Ẹni tó bá dá a sílẹ̀ lè kó èyí tó pọ̀ jù sápò, kó pariwo rẹ̀ títí àwọn èèyàn á fi rà á gọbọi, kó sì ta tirẹ̀ kó sá lọ. Rug pull ni wọ́n ń pe èyí: wọ́n fa ẹní yọ lábẹ́ ẹni tó jókòó.

Pé ohun kan ṣọ̀wọ́n kò sì ní kí iye rẹ̀ má já. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2010, ẹnì kan ní Amẹ́ríkà fi bitcoin 10,000 ra písà méjì. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ẹyọ bitcoin kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 69,000 dọ́là. Lẹ́yìn ọdún kan, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 16,000. Òfin mílíọ̀nù 21 kò yí padà ní gbogbo àkókò yẹn. Ọkàn àwọn tó ń rà àti àwọn tó ń tà ló yí.

Kọ́kọ́rọ́ àti ọjà

Ìbéèrè kẹta ló ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lára jù: ọwọ́ ta ni tèmi wà?

Wallet kì í kó owó sínú bíi pọ́ọ̀sì. Kọ́kọ́rọ́ ló ń tọ́jú. Àdírẹ́sì wà tí gbogbo ayé lè rí, tí wọ́n lè fowó ránṣẹ́ sí. Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ tún wà, private key, tí ìwọ nìkan gbọ́dọ̀ mọ̀. Ohun tó jọ ọ́ kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó bá rí àrokò ẹyọ mẹ́fà lọ́wọ́ ìránṣẹ́ rí ẹyọ lásán, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mọ̀ pé ẹ̀fà ń sọ pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ fà mọ́ òun. Gbogbo èèyàn ló lè rí iye tó wà lórí blockchain, àmọ́ ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ nìkan ló lè mú un kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ 12 tàbí 24 tí wallet máa ń fún yín láti kọ sílẹ̀, seed phrase, òun ni kọ́kọ́rọ́ náà ní ọ̀nà mìíràn. Ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ yín ti gba owó yín. Bó bá sì sọnù, kò sí máníjà tí ẹ máa bẹ̀.

Exchange ni ọjà tí wọ́n ti ń rà, tí wọ́n ti ń tà. Bí owó yín bá wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọlọ́jà. Ẹ ti padà sọ́dọ̀ alájọ nìyẹn. Ní oṣù Kejì ọdún 2014, Mt. Gox ní Japan wó pẹ̀lú bitcoin tó tó 850,000. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, FTX náà wó. Blockchain bitcoin kò bàjẹ́ lọ́jọ́ méjèèjì yìí. Àwọn tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ sí lọ́wọ́ ni wọ́n já wọn kulẹ̀.

P2P ni kí èmi àti ìwọ jọ pààrọ̀ láìsí báńkì láàárín, bí wọ́n ti ń pààrọ̀ náírà àti sẹ́fà ní Ìdí-Ìrókò. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé a kò rí ojú ara wa. Nítorí náà, exchange á di owó crypto náà mú títí náírà á fi wọlé. Ìdìmú yìí ni escrow. Ẹ má tú u sílẹ̀ torí alert tí wọ́n fi ránṣẹ́. Inú àkáǹtì gan-an ni kí ẹ ti wò ó.

Stablecoin ni èyí tí wọ́n so mọ́ dọ́là, irú bíi USDT tó ti wà láti ọdún 2014. Ilé iṣẹ́ kan ló ń ṣe é, tó sì ń ṣèlérí pé dọ́là wà nílẹ̀ fún un. Ẹni tó bá rántí sẹ́fà ọdún 1994 mọ̀ pé okùn tí èèyàn so, èèyàn lè tú u. Okùn mìíràn tilẹ̀ lè já fúnra rẹ̀. TerraUSD náà ní òun bá dọ́là dọ́gba, ṣùgbọ́n ìṣirò ni wọ́n gbé e lé. Ó wó ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Leverage ni kí exchange yá yín lówó láti tà ju agbára yín lọ. Ẹ ní 10,000 náírà, wọ́n jẹ́ kí ẹ fi 100,000 tajà. Bí iye bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá já, gbogbo 10,000 yín ti lọ, wọn á sì ti ìlẹ̀kùn. Liquidation nìyẹn. Kì í ṣe òwò fún owó ilé ẹ̀kọ́.

Ọ̀nà tí Nàìjíríà gbà

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 2021, CBN pàṣẹ pé kí àwọn báńkì ti àkáǹtì àwọn tó ń ṣòwò crypto. Ìgbà yẹn ni P2P gbilẹ̀ láàárín àwa ọ̀dọ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, wọ́n gbé eNaira jáde. Ẹ má pe eNaira ní bitcoin Nàìjíríà. CBN ló ń ṣe é, CBN náà ló ń kọ ọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, CBN gba àwọn báńkì láyè láti ṣí àkáǹtì fún àwọn exchange tó bá ní ìwé àṣẹ. Ní ọdún 2025, òfin tuntun lórí ìdókòwò fi irú ohun ìní orí ẹ̀rọ báyìí sábẹ́ àjọ SEC.

Lábẹ́ òjìji crypto ni àwọn gbájúẹ̀ ti ń fara pamọ́. MMM ti lẹ̀kùn mọ́ àwọn èèyàn ní oṣù Kejìlá ọdún 2016. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, CBEX, tí SEC sọ pé kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, ṣe irú rẹ̀. Ẹ bi irú wọn ní ìbéèrè mẹ́ta wa. Ta ló ń ṣe èrè tí wọ́n ń pín? Níbo ni àkọsílẹ̀ tí ará ìta lè yẹ̀ wò wà? Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà? Nọ́ńbà tó ń pọ̀ sí i lójú fóònù kì í ṣe blockchain.

Ohun tí ìtàn fi sílẹ̀

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni rà, a kò sì sọ pé kó má rà. Ohun tí ìtàn ààlà Yewa fi hàn ni pé kò sí owó tí kò ní ẹni tó ń darí rẹ̀: òkun, oníṣòwò Hamburg, ìgbìmọ̀ Lọ́ńdọ́nù, báńkì àpapọ̀, ìlà ìṣirò, tàbí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dá token sílẹ̀ lánàá. Bitcoin dáhùn ìbéèrè kìíní àti ìkejì ní ọ̀nà tí ayé kò rí rí. Kò dáhùn ìkẹta fún wa. Ọwọ́ wa ni ìyẹn wà.

Àwọn tó fi ẹyọ sínú ìkòkò kì í ṣe òmùgọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ọkọ̀ ti gbéra ní Zanzibar. Àwa ní íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, a sì ní ìtàn tiwọn. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì náà, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ọ̀kan kò bá ní ìdáhùn, ẹ mú owó yín dání.